Ẹ dá Ọjọ́rú àwọn ọmọ wa padà fún wọn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Lórí àsìkò ẹgbẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ iléèwé wa ní Ọjọ́rú ni mo ṣe ń kọ̀wé sí yín. Ìwé ìwọ̀n mẹ́rìnlá ló wà lórí pẹpẹ nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìta Ẹlẹ́wà, ní Ìkòròdú níbí. Láti ọdún 1993 tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń kọ wọ́n: orúkọ oníbàárà, fífẹ̀ èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn apá, iye tó san, iye tó kù. Ẹni tó bá jẹ mí ní gbèsè ní 1997, kó má rò pé mo ti gbàgbé, orúkọ ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ìyàwó mi ti ní kí n dáná sun wọ́n láìmọye ìgbà nítorí àwọn eku tó ń bímọ sáàárín wọn. Mi ò gbà.

Lóṣù tó kọjá, bàbá kan tí mo rán aṣọ ìgbéyàwó fún nígbà ọ̀dọ́ wọn wá, wọ́n fẹ́ kí n rán agbádá tí wọn yóò wọ̀ níbi ìgbéyàwó ọmọ wọn. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá ìwọ̀n àwọn àtijọ́, kí àwọn fi rẹ́rìn-ín ara àwọn. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé kan tẹ̀lé òmíràn nìyẹn, tí mo wá rí ohun tí mi ò wá.

Ní 1994, ẹ̀wù kákí mọ́kànlélógún fún àwọn ọmọ Síkáòtù iléèwé girama kan, pẹ̀lú sìkáàfù ọrùn. Ní 1996, aṣọ funfun pẹ̀lú àgbélébùú pupa fún Rẹ́ẹ̀dì Kírọ́ọ̀sì. Mo rántí pé àgbélébùú méjì wọ́ díẹ̀, ọ̀gá wọn sì dá a padà, ó ní àmì tí wọ́n fi ń gba ẹ̀mí là lójú ogun ni, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ní 1999, àwọn ọmọbìnrin Gáìdì, aṣọ búlúù. Àwọn Bọ́ìsì Bìrìgéèdì wà níbẹ̀ léraléra. Ọmọ Mùsùlùmí ni mí o, ṣùgbọ́n aṣọ wọn, mo lè dijú rán an. Kápútéènì wọn kan wà tí kì í kúrò nídìí maṣíìnì mi títí n óò fi gé òwú tó kẹ́yìn. Òun ló sọ fún mi pé ìlú Glasgow ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1883, tó sì dé Èkó ní 1908. Ó fi ń ṣe fáàrí sí àwọn Síkáòtù, nítorí pé 1915 ni tiwọn tó wọ ilẹ̀ yìí. Ní 2002, ẹ̀wù ọba márùn-ún fún ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé. Ọba márùn-ún nínú eré kan ṣoṣo! Mo bi tísà wọn léèrè, wọ́n ní gbogbo ọmọ ló fẹ́ jọba, àwọn ò sì fẹ́ ìjà.

Nígbà tó fi máa di 2010, ojú ìwé kan ló gba gbogbo rẹ̀ lọ́dún kan. Láti 2018 wá, òfo.

Kì í ṣe pé àwọn iléèwé ò wá sọ́dọ̀ mi mọ́. Wọ́n ń wá. Gáùn ìkẹ́kọ̀ọ́yege ni wọ́n ń gbé wá fún mi báyìí, fún ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò tíì lè ka A dé D, àti aṣọ òkè kéékèèké fún ọjọ́ àṣà, èyí tí òbí tí kò bá lè rán an yóò háyà. Owó tí mò ń rí níbẹ̀ ju èyí tí Síkáòtù ń fún mi lọ fíìfíì. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọjà tí kò tà ló ń bí télọ̀ nínú. Ohun tó ń ká mi lára ni pé lọ́jọ́ àṣà yẹn, ọmọ á wọ aṣọ tí bàbá rẹ̀ sanwó rẹ̀, á rìn kọjá, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, ó parí. Ẹni tó kọ́ nǹkan níbẹ̀ ni èmi tí mo rán aṣọ.

Àwọn àgbà kì í fẹ́ dáwọ́ lé ohun pàtàkì ní Ọjọ́rú, wọ́n ní ọjọ́ tí nǹkan ń rú pọ̀ ni. Ní iléèwé tí mo lọ, ọjọ́ tí nǹkan ń rúwé ni. Mo wọ fọ́ọ̀mù wáànù ní 1980, nígbà ìjọba Alhaji Lateef Jakande. Kó tó di ìgbà wọn, ṣíìfù ni ọ̀pọ̀ iléèwé ń ṣe ní ìpínlẹ̀ Èkó: bí àwọn ti àárọ̀ ṣe ń dìde lórí bẹ́ǹṣì ni àwọn ti ọ̀sán ń jókòó sórí rẹ̀, bẹ́ǹṣì ò tiẹ̀ ráyè tutù. Jakande ló fòpin sí i. Wọ́n kọ́ kíláàsì rẹpẹtẹ, àwọn èèyàn sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ilé adìyẹ ni. Lóòótọ́, tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù wa, ńṣe ni tísà máa ń dákẹ́ tí wọ́n á fi ẹ̀yìn ti ògiri, nítorí kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ohùn wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ò kíyè sí ni pé nígbà tí ṣíìfù tán, ọ̀sán di tiwa. Kò sí ọmọ ẹlòmíràn lẹ́nu ọ̀nà tó ń dúró de bẹ́ǹṣì. Inú ọ̀sán yẹn ni ẹgbẹ́ rí àyè gbé.

Tí aago kan bá ti lù ní Ọjọ́rú, iléèwé á pín. Àwọn tó ń jiyàn gba kíláàsì fọ́ọ̀mù fáìfù, àwọn JETS, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì, wọ láàbù lọ fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì tan gílóòbù, àwọn Síkáòtù wà lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń ta okùn ní oríṣiríṣi kókó. Èmi wà níbi eré orí ìtàgé, kì í ṣe pé mo mọ eré í ṣe. Mo máa ń tijú ju ìyàwó ojú ọ̀nà lọ. Ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni mo wá lọ. Tísà wa, obìnrin kan ará Ìjẹ̀bú, wò mí títí, wọ́n ní, “Ìwọ tí o ò fẹ́ sọ̀rọ̀ yìí, ó yá, wá bá mi di abẹ́rẹ́ mú.” Wọ́n gbé maṣíìnì ọlọ́wọ́ wọn wá láti ilé nínú búùtù tákísì. Kọ́tìnnì àtijọ́ tí ìyá mi fẹ́ máa fi nulẹ̀ ni mo fi rán ẹ̀wù ọba mi àkọ́kọ́. Apá kan gùn ju èkejì lọ. Ọba náà, tó ti di ẹni ńlá ní Àbújá báyìí, ká a sókè títí eré fi parí, àwọn òǹwòran sì rò pé bí wọ́n ṣe ń jọba nílùú náà nìyẹn.

Nígbà tí èsì WAEC jáde ní 1985, F9 ni mo gbà nínú ìṣirò. Bàbá mi, apẹja ní Ìpakodò, tí wọ́n ti ń sọ fún gbogbo èèyàn létí omi pé akọ̀wé ni ọmọ àwọn máa dà, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin wọ́n bi mí pé kí ni mo wá mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ní mo mọ aṣọ í rán. Wọ́n ní ta ló kọ́ mi. Mo ní Ọjọ́rú ni. (Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ pé télọ̀ náà nílò ìṣirò, òótọ́ ni. Ká ní èjìká àti ìbàdí ni wọ́n fi kọ́ mi ní ìdá mẹ́rin àti ìdá mẹ́jọ, bóyá ǹ bá má gba F9.)

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà gan-an, ẹgbẹ́, ti di ohun tó ń já òbí láyà ní Ìkòròdú. Kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ fún Yorùbá. Ẹgbẹ́ ló ń bọ́ télọ̀: ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ ìyàwó ilé, kálukú pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú tí wọ́n múlé tì wá ní régbérégbé, ẹni tí ọjọ́ orí wọn bára mu ń dá aṣọ kan náà, ẹ sì ti rí bí wọ́n ṣe ń tàn lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Ṣùgbọ́n àwa tí a wà ní Ìkòròdú ní 2016 àti 2017 ò lè gbàgbé Badoo, àwọn apànìyàn tó ń wọlé onílé lóru, tí wọ́n ń fi òkúta fọ́ orí ọmọdé àti àgbà lójú oorun. Àwa ọkùnrin àdúgbò ò fi ẹ̀yìn kan ibùsùn. Orí bẹ́ǹṣì níwájú ìta ni ilẹ̀ ti ń mọ́ bá wa, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti igi. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn náà ń lépa ara wọn kiri àdúgbò. Láti ìgbà náà, tí ọmọ bá délé tó ní, “Màámi, mo ti wọ ẹgbẹ́,” ìyá á kọ́kọ́ figbe ta ná kó tó béèrè irú ẹgbẹ́ tó jẹ́. Púrínsípà kan tiẹ̀ sọ ọ́ lójú mi pé ọmọ tí kò bá ṣẹgbẹ́ rárá kò lè bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ burúkú.

Irọ́ ni. Mo ti gba ọmọkùnrin mẹ́ta tí ìyá wọn fà wọ́n wá pẹ̀lú omijé, kí n fi iṣẹ́ gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn tó ń pè wọ́n sẹ́yìn ọgbà. Kò sí èyí tó wá lẹ́ẹ̀kan náà, ọdún wà láàárín wọn. Mo bi kálukú pé kí ló rí níbẹ̀. Ọ̀kan ní wọ́n fún òun lórúkọ. Èkejì ní wọn kì í bẹ̀rẹ̀ títí òun á fi dé. Ẹ̀kẹta ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń yọ òwú lára ṣòkòtò rẹ̀. Orúkọ, àti ẹni tó ń dúró deni. Ohun tí pàtírọ́ọ̀lù Síkáòtù ń fún ọmọ ọdún mọ́kànlá nìyẹn láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀: wọ́n á kó ọmọ bíi mẹ́fà sí mẹ́jọ jọ, wọ́n á sọ wọ́n lórúkọ ẹranko tàbí ẹyẹ, wọ́n á fi ọ̀kan nínú wọn ṣe olórí. Tí ẹnìkan nínú wọn ò bá wá, gbogbo wọn ló máa mọ̀. Ẹgbẹ́ wà fún gbogbo ọmọ, ẹ̀yin ará. Tí ẹ bá ti ti ilẹ̀kùn èyí tó wà nínú ọgbà iléèwé, èyí tó wà lẹ́yìn ọgbà ò nílẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní 2009. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ya lé ọmọọṣẹ́ mi kan lẹ́sẹ̀. Èmi ọ̀gá, epo pupa ni mo sáré lọ gbé. Oníbàárà kan ní ká fọ́ ẹyin sí i, òmíràn ti ń tẹ ọṣẹ ìfọyín jáde. Ọmọ yìí gbá ọwọ́ mi dànù, ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀! Ó fa ẹlẹ́sẹ̀ sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi, ó ní kí n máa wo aago ògiri, ogún ìṣẹ́jú gbáko, kí ẹnikẹ́ni má fi nǹkan kan pa á. Nígbà tó pé, ó mú ọ̀rá tuntun tí mo fi ń di aṣọ oníbàárà, ó fi bo ojú iná náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, a sì gbé e lọ sọ́sibítù. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá béèrè pé ta ló kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀, ojú sì tì mí láti sọ pé kì í ṣe èmi. Rẹ́ẹ̀dì Kírọ́ọ̀sì iléèwé ló kọ́ ọ, nígbà tó wà ní JSS 2. Lọ́jọ́ yẹn náà ló sọ fún mi nípa Henry Dunant, ará Switzerland tó rí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fara gbọgbẹ́ nílẹ̀ lẹ́yìn ìjà Solferino ní 1859, tí kò lè gbójú kúrò, ìyẹn ló sì bí Rẹ́ẹ̀dì Kírọ́ọ̀sì. Ẹ fi ọdún 1859 yẹn sọ́kàn fún mi, màá padà síbẹ̀.

Ẹni tó bá ní eré ọmọdé ni gbogbo rẹ̀, ẹ bá mi sọ fún un nípa 1954, nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé ní Èkó dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, MSSN, sílẹ̀. Lateef Adegbite tó ṣe ààrẹ wọn àkọ́kọ́, ọmọ King's College ni nígbà náà, kó tó di agbẹjọ́rò àgbà fún ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Títí dòní, ẹgbẹ́ náà wà káàkiri Nàìjíríà. Èmi náà ṣe é ní fọ́ọ̀mù tú. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbá ibi tí a ti ń kírun. Ti bọ́ọ̀lù ńkọ́? Stephen Keshi tó jẹ́ ọ̀gá àwọn agbábọ́ọ̀lù wa nígbà tí a gba ife Áfíríkà ní 1994, àti Henry Nwosu tó wà nínú àwọn tó gba ti 1980, ọmọ iléèwé kan náà ni wọ́n, St. Finbarr's ní Akọka. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká lọ jìnnà tiẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú wa yìí, Ikorodu Bois, bárò ni wọ́n fi ń ṣe mọ́tò, ohun èlò ilé ìdáná ni wọ́n fi ń ṣe ohun ìjà, tí wọ́n fi ń sín fíìmù olówó ńlá jẹ, títí Netflix fi kó irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn ní 2020. Gbogbo wa yangàn. Kí ló wá yàtọ̀ sí ohun tí a ń ṣe ní Ọjọ́rú? Bárò ni tiwọn, kọ́tìnnì ni tèmi.

Wàyí o, ibi tó ti kàn mí. Ọmọ mi àbíkẹ́yìn, obìnrin, wà ní SS2 ní iléèwé ìjọba kan tí mi ò ní dárúkọ. Ní oṣù Kẹsàn-án, a ṣe ìpàdé òbí àti olùkọ́. Wọ́n ní èsì WAEC àwọn tó ṣe kọjá ò dára tó, nítorí náà àwọn fẹ́ fi àsìkò ẹgbẹ́ ní Ọjọ́rú ṣe lẹ́ẹ̀sìn. Wọ́n ní ẹni tó bá fara mọ́ ọn kó nawọ́. Ìyá kan tó ń ta ẹja ní Sábó ló dìde, wọ́n ní, “Ta ló máa wá bá mi sọ fún ọmọ mi pé kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́? Èmi ò lè sọ ọ́ o.” A rẹ́rìn-ín. Olóòtú, èmi fúnra mi nawọ́. F9 yẹn ló gbé ọwọ́ náà sókè.

Ọmọ mi ò sọ nǹkan kan. Ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn ló wà. Wọ́n máa ń kọ ìròyìn sórí káádíbọ́ọ̀dù, wọ́n á gbé e kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá àwọn tísà, tó bá di ọjọ́ Ẹtì ọ̀kan nínú wọn á kà á sétí gbogbo iléèwé lórí ìlà. Mo mọ̀ pé ó ń ṣe é, mo sì rò pé eré ni, títí dọjọ́ tí mò ń wá bébà tí màá fi gé pátánì, tí mo fa ìwé rẹ̀ kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ó ti ka ẹnu ẹ̀rọ omi tó wà nínú ọgbà: mẹ́fà, méjì ló ń yọ omi. Ó bi gẹ́tímáànù, ó kọ èsì rẹ̀. Ó bi tísà tó ń rí sí ìmọ́tótó, ó kọ èsì wọn. Ó bi púrínsípà, ó kọ ọ́ pé: “Wọ́n ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.” Nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, déètì mìíràn: “Wọ́n ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.” Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn èyí: “Wọ́n ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.” Kò fi èébú kan kún un. Lójú ewé tó tẹ̀ lé e, ó lọ bá ìyá tó ń ta ẹ̀wà àti búrẹ́dì lẹ́nu géètì, ó ní kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń dá iye síbí kan nígbà tí owó gáàsì gbẹ́nu sókè. Ọmọ Ìta Ẹlẹ́wà ló lọ fọ̀rọ̀ wá ẹlẹ́wà lẹ́nu wò! Ohun tí ìyá yẹn sọ ni pé àwọn ò fi kún owó rárá, síbí ni àwọn pààrọ̀. Ọgbọ́n yẹn pọ̀, èmi tí mò ń jẹ ẹ̀wà náà ò mọ̀.

Déètì tó kẹ́yìn nínú ìwé náà, Ọjọ́rú kan ni ní oṣù Kẹsàn-án. Lẹ́yìn rẹ̀, òfo, gẹ́gẹ́ bí ìwé ìwọ̀n tèmi láti 2018.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mi ò ní purọ́ fún yín, máàkì ìṣirò rẹ̀ ti gòkè díẹ̀ láti ìgbà tí lẹ́ẹ̀sìn ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ti mọ̀ pé a lè bi ẹni tó jù wá lọ ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, láì rí i fín, láì sì gbàgbé, lẹ́ẹ̀sìn wo ni wọ́n ti ń kọ́ ìyẹn?

Mo ní màá padà sí 1859. Lọ́dún yẹn kan náà, ní oṣù Kẹfà, ni ìjọ CMS ṣí iléèwé girama àkọ́kọ́ ní Èkó. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, Henry Townsend, míṣọ́nárì wọn, gbé Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta, ní èdè tí mo fi ń kọ̀wé sí yín yìí. Iléèwé girama àti ìwé ìròyìn, ẹgbẹ́ ni wọ́n, ọdún kan náà la bí wọn. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí ọ́fíìsì yín lónìí, ẹ sọ fún mi, ta ló máa gba bírò lọ́wọ́ yín?

Mi ò di gbogbo ẹ̀bi lé tísà lórí. Ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ oníbàárà mi ń kọ́ iṣẹ́ méjì, ó ní kíláàsì tó ń bójú tó, ó tún jẹ́ alábòójútó ẹgbẹ́ mẹ́ta, kọ́bọ̀ ò sì kún owó oṣù rẹ̀ lórí ẹ̀. Ìjọba náà ò sùn tán, láti 2001 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje sípẹ́lì tí ọmọ tó bá borí fi ń ṣe gómìnà ọjọ́ kan ní Èkó. Ó dùn mọ́ mi láti máa wò ó. Àmọ́ ọmọ kan ló ń jókòó sórí àga yẹn lọ́dún. Èyí tí mò ń wá ni ibi tí ọmọ tó ń ṣi sípẹ́lì kọ ti lè máa ṣì í kọ láàárín ọ̀rẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fi fóònù ká a.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kéré. Pírìọ́dù méjì ní Ọjọ́rú, nínú wákàtí iléèwé, kó padà sọ́wọ́ ẹgbẹ́. Kí lẹ́ẹ̀sìn lọ gba Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òbí ò lówó aṣọ ẹgbẹ́. Aṣọ iléèwé tí wọ́n wọ̀ tó, sìkáàfù ọrùn nìkan ló kù, mo sì ti gé ọgbọ̀n láti ara àjákù aṣọ tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Èmi fúnra mi á máa ti ṣọ́ọ̀bù ní aago méjìlá lọ́jọ́ Ọjọ́rú, màá gbé maṣíìnì ọlọ́wọ́ wá. Mo ti bá ọkùnrin kan tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté sọ̀rọ̀, ó ní tí wọ́n bá fún òun ní pákó, òun á kọ́ wọn. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe iṣẹ́ iná ní Agric náà gbà, ó kàn béèrè bóyá wọ́n á fún òun ní mínírà. Ohun kan ṣoṣo tí a ń fẹ́ lọ́wọ́ iléèwé ni ẹni tí yóò ṣí ilẹ̀kùn kíláàsì.

Ìpàdé wa tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìíní ni. Mo ti sọ fún ìyá ẹlẹ́ja Sábó pé ẹ̀yìn wọn ni màá jókòó sí, tí wọ́n bá dìde, màá dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́ títí ìpàdé náà á fi kọjá.

Ọmọ mi ló bá mi fi àmì sórí ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí. Ó fagi lé ìlà méjì tí mo fi sọ̀rọ̀ burúkú sí púrínsípà wọn, ó ní mi ò tíì gbọ́ tẹnu wọn. Mo ní kó lọ bá mi bi wọ́n nígbà náà, bóyá wọ́n á dá Ọjọ́rú padà. Ó ti bi wọ́n. Wọ́n ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Èmi ni tiyín,
Télọ̀ Ìta Ẹlẹ́wà, Ìkòròdú